Bàbá Aládàgún

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìlọrin wọ ilẹ̀ Igbómìnà, tí ó la Ajàṣẹ́-Ìpo kọjá, tí ó sì dé Òmù-Àrán ọmọ Olómù, kò ní pẹ́ kí ó tó pàdé ọkùnrin kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo: ó wà ní Òmù-Àrán, ó wà ní Èsìẹ́, ibi tí kò bá sì sí lónìí, ẹ jẹ́ kí ọdún Kérésì sún mọ́lé, yóò dé ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbé ilé onílé ní Èkó, tí lándíọ̀dù ń jí i lójú oorun nítorí owó ilé. Ṣùgbọ́n bí ilé ti jẹ́ àbọ̀ ìsinmi oko, nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bọ́ sí i lọ́wọ́, ó búra pé ilé àkọ́kọ́ tí òun yóò ní láyé kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé lásán. Bàbá Aládàgún ni aráyé ń pè é.

Ilé tí ó rà, ẹlòmíràn ni ó kọ́ ọ tí kò rí i gbé. Ajẹ́ńtì mú un wọlé: òrùlé ń jò, ó ní kò burú, ògiri yàrá kejì ti sán, ó ní ọ̀dà yóò bò ó, ìwé ilẹ̀ kò sí nítòsí, ó ní ìwé kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé, tí ó rí kòtò onígun mẹ́rin tí wọ́n fi táìlì aláwọ̀ aró tẹ́ nínú, tí àkàbà irin rẹ̀ ti dípẹtà, tí ewé máńgòrò gbígbẹ sì kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa etí kòtò náà léraléra. Níbẹ̀ ni owó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ àgbà tí wọ́n mú wá súre sí ilé náà yí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Kànga ńkọ́?”

“Màmá, èyí ju kànga lọ.”

“Ṣé ó ṣe é mu?”

“Rárá o, Màmá. Oògùn wà nínú rẹ̀.”

“Ẹ ó máa fi fọ aṣọ nígbà náà?”

“Màmá, ẹ kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀!”

Ìyá mi orí. “Kò burú. Omi tí ènìyàn yóò mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Èyí kò tilẹ̀ ṣàn.”

Ilẹ̀ Igbómìnà kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn fi omi ṣeré lórí rẹ̀. Àpáta ni ó pọ̀ lábẹ́ ibẹ̀, bí ọyẹ́ bá sì ti dé, kànga mìíràn a gbẹ ganrangan, àwọn ọmọdé a sì to kẹ́ẹ̀gì sí ìdí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Àkókò yìí gan-an ni Bàbá Aládàgún yàn láti pọnmi kún adágún tirẹ̀. Kòtò tí ó gùn ní mítà 8, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí ó sì jìn ní mítà 1.5, lítà 48,000 ni yóò gbà, èyíinì ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 1,920. Táńkà ń já omi sílẹ̀, táńkà ń padà lọ, gbogbo àdúgbò sì dúró ń wò. Bí ó sì ti kún tán ni oòrùn àti ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lá tiwọn: bí omi bá fi mìlímítà 5 péré fà lójúmọ́, lítà 160 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. A kò tíì dárúkọ kùlórínì tí wọn ń dà sí i, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ń fa epo kí ẹ̀rọ lè máa yí omi náà po, láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu sì ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ẹni tí ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí omi tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Wọ́n to àga yí adágún ká, onídùndún ń lù, Bàbá Aládàgún sì dìde nínú àgbádá láti sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ayé mọ̀ pé Èsìẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí wọ́n ṣí ní 1945 nítorí àwọn ère òkúta tí ó lé ní 800. Ó ní bí ìtàn kò ti gbàgbé Èsìẹ́, kò ní gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ mú odò wọ ẹ̀yìnkùlé. Akéwì kan gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ní, “A-lómi-má-wẹ̀, a-pọnmi-sílẹ̀-fójú-mu, olódò tí òùngbẹ ń gbẹ ará ilé rẹ̀!” Bàbá sì ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ka ìwé ké sí i pé, “Wọ inú rẹ̀ kí a rí ọ!” Ọkùnrin tí kò lúwẹ̀ẹ́ rí láyé ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó yára fà á jáde, ó sì ní omi náà ṣì tutù, àlejò kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ lónìí.

Àwọn ọmọ tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó ní nítorí wọn ni òun ṣe ra ilé náà, kò wá. Ẹ̀rọ bàjẹ́, omi di àwọ̀ ewé, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀, kọ̀ǹkọ̀ ń ké láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ̀fọn sì ń pín ibà fún àdúgbò láìgba kọ́bọ̀. Ìyàwó rẹ̀, oníṣòwò tí ó mọ iye tí a ń pè ní owó, kò bá a jiyàn. Nígbà tí Bàbá lọ sí Ìlọrin, ìyàwó náà ní kí wọ́n gbọ́n omi náà dànù, kí wọ́n fọ inú kòtò, kí wọ́n sì jẹ́ kí òjò kún un. Lẹ́yìn náà ni ó tú ọmọ ẹja àrọ̀ sí i. Oṣù mẹ́fà kò pé kí àwọn ìyá ẹlẹ́ja tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò sẹ́nu géètì.

Ẹ lọ kí Bàbá Aládàgún lónìí, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Yóò ní ẹja ni òun fojú sùn láti ọjọ́ tí òun ti rí kòtò náà, ẹ̀yin ni ẹ ń pè é ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Yóò ní Yunifásítì Landmark tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òmù-Àrán ní 2011, tí ó gbé iṣẹ́ àgbẹ̀ lékè ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó wá gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ṣekárími kì í pàdánù: bí agbè ọlá rẹ̀ bá ń jò, yóò ní òun ni òun dá a lu kí ewébẹ̀ lè rí omi mu.