Ẹni Tó Gbé Abọ́ Idẹ Lọ sí Kumasi

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ má jẹ́ kí onílé wa gbọ́. Ọmọ Asante ni, bí mo bá sì ti fẹnu kan ìtàn ìlú wọn, á ní kí ni Yorùbá tó ń háyà yàrá ní àdúgbò Aboabo mọ̀ níbẹ̀. Kí ni mo mọ̀ kẹ̀? Òfófó wo ló ti ṣẹlẹ̀ ní Kumasi yìí tí kò gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá?

Ọ̀rọ̀ Ntim Gyakari ni, ọba Denkyira. Kí ọdún 1701 tó dé, Denkyira ni ọ̀gá gbogbo àgbègbè yìí. Wúrà tó ń lọ bá àwọn Òyìnbó létíkun, ọwọ́ wọn ló ń gbà kọjá. Kumasi tí gbogbo yín ń fi yangàn lónìí, ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san fún wọn.

Ọba yìí wá ní ọ̀tá kan tó ti sá mọ́ àwọn ará ààfin lọ́wọ́, ìyẹn Osei Tutu, ọba Kumasi. Wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí ààfin Denkyira láti kékeré, nígbà ayé Boa Amponsem tó jọba ṣáájú, pé kó máa ru apata ọba. Ọ̀dọ́mọkùnrin dé ààfin, kàkà kó gbájú mọ́ apata, ọmọ ìyá ọba lóbìnrin ló gbájú mọ́. Oyún dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti sá di ará ìlú Akwamu. Àwọn kan tilẹ̀ ní oyún yẹn gan-an la bí tó di Ntim Gyakari. Mi ò bá wọn dé ibi ìkómọ o! Ṣùgbọ́n Òyìnbó Dutch kan, Willem Bosman, gbọ́ òfófó náà létíkun, ó kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1704. Tirẹ̀ ni pé Osei Tutu ló rán àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ kí ọba Denkyira, tí ọba sì bá ọ̀kan sùn. Ọ̀rọ̀ obìnrin ṣáà wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹ má sì rò pé sísá rọrùn. Ẹ bi àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà tó wà ní Gánà ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé ń bẹ, ìsọ̀ ń bẹ, gbèsè àwọn oníbàárà ń bẹ nílẹ̀, ọkọ̀ sì ń pariwo pé òun ń lọ. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé nígbà tí Osei Tutu máa padà wá jọba Kumasi, àwọn ọmọ ogun Akwamu ló sìn ín wá. Àdúgbò Asafo níbí, wọ́n ní àwọn ló tẹ̀ ẹ́ dó. Okomfo Anokye náà wà lẹ́yìn rẹ̀, oníṣẹ́ ìyanu tí idà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ nínú ọgbà ọsibítù ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè fà á yọ. Mo mọ ẹni tó fà á títí tí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Ó kúkú wà ní ọsibítù tẹ́lẹ̀.

Níbo ni mo bá a dé? Ẹ̀ẹ́n, ọ̀rọ̀ tó wáyé láàárín Ntim Gyakari àti ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí ta ló sọ fún mi.

"A ó fi abọ́ idẹ ńlá kan ránṣẹ́ sí àwọn ará Kumasi, kí wọ́n fi wúrà kún un."

"Nana, ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Kí olóyè kọ̀ọ̀kan sì mú ìyàwó tó fẹ́ràn jù wá."

"Nana... sínú abọ́ náà ni?"

"Òpònú! Kí wọ́n mú wọn wá bá mi."

"Wọn ò ní bínú, Nana?"

"Kí wọ́n bínú ni mo fẹ́. Bí wọ́n bá bínú, ogun dé, Osei Tutu tán."

"Nana, ẹ má bínú o, ṣé dandan ni kí èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bínú?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, ẹnu tèmi ló ti jáde. Ti abọ́ àti ti ìyàwó, ìtàn Asante ni, ọmọdé ìlú yìí pàápàá mọ̀ ọ́n. Àwọn olóyè bínú lóòótọ́. Ìṣákọ́lẹ̀ dópin lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó láyà láàfin Ntim Gyakari kò dúró. Asenso Kofo, èèyàn ńlá ni ní Denkyira, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀, ó lọ bá Osei Tutu. Àwọn tó kù lọ́dọ̀ ọba wá jẹ́ kìkì ẹni tí ń wí pé "ó dáa bẹ́ẹ̀". Lọ́dọ̀ àwọn ará Kumasi, ẹ wo ìyàtọ̀: Anokye ní àfi kí olóyè kan fi ara rẹ̀ rúbọ kí Asante tó lè ṣẹ́gun, Tweneboa Kodia ti Kumawu sì dìde, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí ọba Kumasi má tún fi idà pa ọmọ Kumawu kankan mọ́. Ẹni tó ń lọ kú ń dúnàá-dúrà!

Àwọn ọmọ ogun méjèèjì pàdé ní Feyiase, kò jìnnà síbí, lápá ọ̀nà adágún Bosomtwe. Níbẹ̀, wọ́n ní Ntim Gyakari jókòó, ó ń ta ayò. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n sì fi ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wúrà so ẹsẹ̀ ara wọn pọ̀, kí ayé lè rí i pé ọba kò ní sá. Ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń lé ẹni tó sá lọ ló so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀! Ó ń jẹ ọmọ ayò, Asante ń jẹ ọmọ ogun rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìránṣẹ́ kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó ń rí èéfín ìbọn, tó ń wí pé, "Nana, ta á sọ́tùn-ún." Orí ayò ni wọ́n ká a mọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì pa á sí.

Denkyira kò tún gbérí mọ́. Owó ilẹ̀ tí àwọn Dutch ń san fún wọn lórí odi Elmina létíkun di ti ọba Kumasi, wọ́n sì ń san án títí wọ́n fi gbé odi náà lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1872.