Ìlànà fún Ọ̀dẹ̀ Tó Fẹ́ Kọ Koòdù

Tí o bá ń gbé ní Maryland l'Ékòó, tí ìyá oníbúrẹ́dì kan láti Agége wá ní kí o bá òun ṣe ìkànnì ìtajà, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ni kí o mú. Láti 1991 tí Guido van Rossum ti gbé e jáde, kì í béèrè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bóyá iye owó ni o kó fún un tàbí ọ̀rọ̀ lásán.

Ìyá á tẹ 1500 sínú fọ́ọ̀mù. Ohun tó bá gba fọ́ọ̀mù wọlé, ọ̀rọ̀ ni. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ta ló ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà? Nígbà tí oníbàárà kan ní Mende bá ra búrẹ́dì mẹ́ta, tí o ní kí Python sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta, ńṣe ni yóò kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀lé ara wọn: 150015001500. Bílíọ̀nù àádọ́jọ náírà ó lé, fún búrẹ́dì! Python ò ní wí nǹkan kan. Ìgbà tí o bá fẹ́ fi 2000 owó dìsípáàṣì kún un ló máa tó figbe ta, TypeError, yóò sì nàka sí ìlà ìròpọ̀ yẹn. Fọ́ọ̀mù ló ṣẹ̀, dìsípáàṣì ni wọ́n mú. Bó ṣe yẹ nìyẹn. Lọ bá ẹni tó kọ apá dìsípáàṣì, kí o bú u lójú gbogbo ọ́fíìsì.

Tí igbe náà bá ń dà ọ́ láàmú, fi try síwájú rẹ̀, kí o kọ except sẹ́yìn, kí o wá fi pass dé e. Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu. Oníbàárà ò ní rí búrẹ́dì, ìyá ò ní rí owó, ìwọ náà ò sì ní rí àṣìṣe kankan.

Tí wọ́n bá bá ọ wí, sọ gbogbo nǹkan di nọ́ńbà, títí kan nọ́ńbà fóònù. 0803 yóò di 803. Kí oní-dìsípáàṣì máa pè é lọ.

Àwọn alákọ̀wé á sọ fún ọ pé Jeremy Siek àti Walid Taha ti ṣàlàyé ní 2006 pé èèyàn lè máa kọ irú dátà, bóyá nọ́ńbà ni tàbí ọ̀rọ̀, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀: kó kọ ọ́ síbi tó dá a lójú, kó fi ìyókù sílẹ̀ ná. Python gbà á wọlé ní 2015, nínú ẹ̀dà 3.5. Má bá wọn jiyàn. Kọ Any, ìyẹn irú yòówù, síbi gbogbo, Any kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kọ int, ìyẹn odidi nọ́ńbà, sára owó nìkan, kí o sì lọ sùn. Python kì í wo àkọlé yẹn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. "Ilé yìí kì í ṣe títà" ni, tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri l'Ékòó, tí wọ́n sì tún ń ta ilé náà.

Ẹni tó yẹ kí o sá fún ni mypy, tí Jukka Lehtosalo dá sílẹ̀. Òun máa ń ka àkọlé náà kí koòdù tó ṣiṣẹ́ rárá, bí o bá sì ti yọ Any kúrò, ìlà fọ́ọ̀mù tí ìwọ fúnra rẹ kọ ló máa tọ́ka sí. Tí ẹnìkan bá dárúkọ rẹ̀ nípàdé, yára sọ pé kò sówó tí ẹ máa fi rà á. Ọ̀fẹ́ ni mypy.