Omi Òkun Inú Ike

Ọmọ Èkó ni mí, ta ni yóò wá kọ́ mi ní omi òkun? Ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ nìyí lọ́jọ́ tí mo gbé àpótí gíláàsì sí pálọ̀ wa ní Dublin, pé ẹja òkun ni n ó sìn nínú rẹ̀. Mo pọn omi ẹ̀rọ kún un, mo da iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, mo sì fi ọmọ orógùn rò ó. Tọ́lá ọmọ mi yọjú: “Dádì, ṣé ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè ni?” Mo ní kó lọ ka ìwé rẹ̀.

Orí ló yọ mí pé n kò tíì ra ẹja. Ọkùnrin tó ń tà á ní kí n kọ́kọ́ bu omi náà wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ike ẹlẹ́rìndòdò ni mo bù ú sí. Nígbà tó gbọ́ irú iyọ̀ tí mo lò, ó di tábìlì mú kí ẹ̀rín má gbé e ṣubú. Ó ní iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní magnesium, calcium àti potassium tó wà nínú omi òkun. Omi tó ń ti adágún Vartry àti Poulaphouca ní Wicklow wá sí Dublin sì dára fún wa láti mu, àmọ́ chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ máa ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Bí bàbà bá sì yọ́ díẹ̀ sínú omi láti ara páìpù, edé ò ní yè é.

Mo ní, ṣebí òkun ò jìnnà. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí etí òkun Dollymount lẹ́yìn òjò ńlá kan. Bàbá kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn nàka sí pátákó: kí ẹnikẹ́ni má lúwẹ̀ẹ́, torí òjò ti gbá ìdọ̀tí ìlú wọnú omi. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni mo gbé wọ bọ́ọ̀sì padà.

Mo bá ra iyọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹja òkun, gíráàmù 35 sí lítà kan, àti ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi. Ìkánjú mú mi, mo da omi híhó lé iyọ̀ náà kó lè tètè yọ́. Ni calcium bá dì, omi funfun báláú. Mo dà á nù.

Èyí tó dùn mí jù wáyé lẹ́yìn tí mo ti ra ẹja. Hítà ilé ń fa omi gbẹ nígbà òtútù, omi oníyọ̀ ni mo sì ń bù dí i. N kò rò ó pé omi nìkan ló ń fẹ́ lọ, iyọ̀ ò ní ìyẹ́. Ìwọ̀n ìwúwo omi náà (specific gravity) tó yẹ kó wà ní 1.025 ti gun 1.030, clownfish mi wà ní kọ̀rọ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Omi sísẹ́ tí kò níyọ̀ ló yẹ kí n máa fi kún un.

Ìyàwó mi fara da gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rí ike omi kan ní ilé ìdáná, omi náà mọ́ kedere, ó fi rẹ ẹ̀wà, ó fi lọ̀ ọ́, ó tún fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Àlejò ló kọ́kọ́ fi mọ́ínmọ́ín náà sẹ́nu. Lónìí, lẹ́tà gàdàgbà ló wà lára ike náà, ọwọ́ ìyàwó mi ló kọ ọ́: OMI ẸJA BÀBÁ TỌ́LÁ. KÓ MÁ WỌ ILÉ ÌDÁNÁ MI MỌ́.