Olórí Ti Gba Abẹ

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọlọ́kọ̀ tó ń gbé Èkó kò ní jiyàn òwe yìí, nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́wọ́ mẹkáníìkì kò kéré. "Ọ̀gá mi, ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá nírọ̀lẹ́." Kí ọ̀gá tó padà dé, pọ́lọ́ọ̀gì tó bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun ti di ti ẹlòmíì, ẹsẹ̀ tó ń dún kò tíì dákẹ́, iná tí kò tàn tẹ́lẹ̀ sì ti yọjú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n láti ọdún 2023 ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ki àṣejù bọ òwe náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Epo tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ní lítà kan kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, dọ́là fò sókè, páàtì tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin sì fò tẹ̀lé e. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì náà kò jókòó sílé. Ni àwọn aṣọ́wóná bá rò ó títí, wọ́n ní: bí a kì í bá fá orí lẹ́yìn olórí, kí ló dé tí olórí kò kúkú gba abẹ, kó fá a fúnra rẹ̀?

Ẹ wá wo Dádì Ṣadé láàárọ̀ Sátidé. Ó ti ra odindi àpótí sípáná, jáàkì ńlá àti ìbọ̀wọ́. Owó wọn ju owó iṣẹ́ tó fẹ́ẹ́ ṣọ́ ná lọ dáadáa. Fóònù wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, òyìnbó kan ń ṣàlàyé nínú fídíò láti gáréèjì tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ju pálọ̀ ẹlòmíì lọ. Ọkọ̀ òyìnbó kì í ṣe irú ti Dádì Ṣadé, ṣùgbọ́n mọ́tò ṣáà ni mọ́tò ń jẹ́.

"Dádì Ṣadé, ẹ ò ṣe pe mẹkáníìkì?"

"Ìyá Ṣadé, epo ẹ́ńjìnnì lásán ni mo fẹ́ pààrọ̀. Bá mi gbé ike wá."

Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó rí nọ́ọ̀tì méjì, ó tú èyí tó sún mọ́ ọwọ́. Epo tó dà jáde pupa. Inú rẹ̀ dùn pé epo òun ò tiẹ̀ tíì dúdú. Epo gíá ló ń dà nù yẹn. Ó dìde, ó rọ epo ẹ́ńjìnnì tuntun lé ògbólógbòó tó ṣì wà níbẹ̀, ó da èyí tó wà nínú ike sí gọ́tà àdúgbò. Ó sítáàtì ọkọ̀, èéfín sọ. Ọkọ̀ rìn dé ẹnu géètì, ó kọ̀, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn.

Mẹkáníìkì tí wọn kò fẹ́ẹ́ pè ló wá wọ́ ọ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà." Iye tó pè lọ́jọ́ náà, owó ẹ̀rín wà nínú rẹ̀.

Òwe ní kí olórí wà níbẹ̀. Kò ní kó di onígbàjámọ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ń wá, ojú yìí gan-an ni kò sì fẹ́ẹ́ lò. Ọkùnrin tó tú gíá kò tíì ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú kóòdù DOT lára táyà rẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ 2212, ọ̀sẹ̀ 22 ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ táyà ló ní kí táyà má kọjá ọdún 10 lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ó ti rò pé àmì ilé iṣẹ́ ni. Rédíétọ̀ tó gbóná ló máa ń ṣí, kò mọ̀ pé omi tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó lórí iná lọ, ojú ẹni tó ṣí i ló sì ń kọ́kọ́ fò sí. Abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró ló ń sùn sí, jáàkì tó jẹ́ pé gbígbé ọkọ̀ sókè ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣọ́wó ná, kó ra epo ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, kó dúró ti mẹkáníìkì títí epo àtijọ́ yóò fi dà tán, kó rí fílítà tuntun kí wọ́n tó dè é, kó sì gba páàtì àtijọ́ lọ sílé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó fa géèjì epo yọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kó nù ún, kó tì í bọ̀ ọ́, kó tún fà á yọ wò. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, kò gba sípáná, kò sì sẹ́ni tí yóò ṣe fídíò rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin tó ń wo géèjì.