Alápatà Ni Mo Fẹ́ Gbà, Èmi Ni Wọ́n Ń Dán Wò

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé o, èmi ti sọ títí ẹnu ń ro mí. Kò sí ọjọ́ tí fóònù kì í dún láti Ìbàdàn: “Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ lásán ni, ẹ ṣáà kọ ọ́.” Lẹ́tà lásán!

Oúnjẹ ilẹ̀ wa ni mò ń tà ní Moncton, ní ìpínlẹ̀ New Brunswick, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Iṣu, epo, èlùbọ́, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ẹran ló kó bá mi. Bí wọ́n ṣe ń gé e nílé ni àwọn oníbàárà fẹ́ ẹ, teegunteegun, tawọtawọ. Ọmọ ìlú yìí tí mo kọ́kọ́ gbà sẹ́nu iṣẹ́ gbé ṣàkì sókè, ó rọra bi mí bóyá tówẹ́ẹ̀lì tí a fi ń nu tábìlì ni. Kò pẹ́ tó fi bá tiẹ̀ lọ. Ni mo bá rántí ọ̀rẹ́ mi kan, alápatà ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, tó lè gé ẹsẹ̀ màlúù wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ètò tí ọ̀gá lè fi gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè wà lóòótọ́. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn létí òkun Àtìláńtíìkì: New Brunswick, Nova Scotia, Prince Edward Island àti Newfoundland and Labrador. Wọ́n fi ṣe ìdánrawò ní 2017, ó di ètò tó dúró ní 2022. Òṣìṣẹ́ tó bá bá a wọlé, tìyàwó tọmọ ló máa gba ìwé ìgbélùú. Ibi tí etí wọn ń gbọ́ dé nílé nìyẹn.

Wọn ò gbọ́ pé ọ̀gá ni ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Òwò rẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún méjì. Tèmi ò tíì pé, mo bá jókòó, mò ń ka oṣù bí aláboyún. Òótọ́ ni pé wọ́n yọ LMIA kúrò lọ́rùn wa nínú ètò yìí, ìwé tó ń fi hàn pé a ò rí ọmọ Kánádà gbà síṣẹ́ náà, tí ọ̀gá mìíràn ń san 1,000 dọ́là lé lórí fún òṣìṣẹ́ kan. Ẹ ṣeun. Àmọ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tó ọgbọ̀n wákàtí lọ́sẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà. Àsìkò Iléyá nìkan kọ́ o, jálẹ̀ ọdún ni.

Èyí tó dùn mí jù ni kíláàsì. Wọ́n ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń bá ẹni tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá gbé pọ̀. Èmi! Èmi tí wọ́n ṣì ń bi bí mo ṣe ń fara da òtútù! Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fi oúnjẹ àlejò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún gbọ́dọ̀ so alápatà yìí pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bá àlejò fìdí kalẹ̀, kí wọ́n bá a ṣètò ilé, dókítà àti iléèwé àwọn ọmọ. Nígbà tí èmi dé, ta ló fi ilé ìtajà iyọ̀ hàn mí?

Tí wọ́n bá wá fọwọ́ sí ọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, wọn ò ṣèlérí pé àwọn á fọwọ́ sí òṣìṣẹ́ rẹ. Ìyẹn tún ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti ṣiṣẹ́ olówó oṣù fún wákàtí 1,560 láàárín ọdún márùn-ún, yóò sì ṣe ìdánwò èdè. Láti kékeré ló ti wà nídìí ẹran. Ta ló ń kọ wákàtí sílẹ̀ nídìí màlúù?

Nígbà tó yá, àna ọ̀rẹ́ mi yìí pè mí: kí n dá iye tí mo bá fẹ́, wọ́n á ta ilẹ̀. Mo ní òfin ò gbà kí ọ̀gá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ torí iṣẹ́. Ó ní mo ti di òyìnbó, àwọn ti rí ẹni tó máa bá àwọn ṣe é ní mílíọ̀nù mélòó kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ wọn, ẹ bá mi dá wọn dúró. Ẹni tó bá ń ta ìwé iṣẹ́ Kánádà, olè ni. Kí wọ́n má ta ilẹ̀ náà.