Òwò Ọpọ́n Ayò ní Ìbàràpá

Ọpọ́n ayò ní ihò 12, ọmọ ayò 48 ló sì ń gbà, mẹ́rin-mẹ́rin. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọlọ́jà Èrúwà ti bẹ̀rẹ̀: ọpọ́n kì í tètè bàjẹ́. Oníbàárà tó rà á lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún ẹ̀. Ọmọ ayò nìkan ló ń sọnù, òun náà sì ń so lọ́fẹ̀ẹ́ nínú igbó. Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà, àmọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í ra méjì. Ọ̀kan tó wọn. Bí ọlọ́jà bá wá gbé bẹ́ǹṣì síta kí wọ́n lè dán ọjà wò, ọ̀ta àti ọ̀pẹ̀ yóò dán an wò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tó bá béèrè iye owó, wọ́n á ní kó dákẹ́, kó má da ayò rú.