Ọ̀gá Lógò

Kò sí òde tí ẹ lè lọ ní Ìgànná tí ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan àmàlà, fóònù rẹ̀ ti dé iwájú yín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo lógò mi." Òun ló fẹ́ máa ta ọkọ̀ tí kì í mu epo, èyí tí iná mànàmáná ń gbé rìn. Ọkọ̀ dà? Kò tíì dé. Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kò tíì sí. Ibo ni wọn yóò ti máa gba iná sí i, nígbà tí ìdí jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ la ti ń ṣájì fóònù? Ẹ má bi í. Lógò ti wà lára fìlà, lára bírò, lára kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta.

"Ìwé ẹ̀ wà l'Ábújá." Gbólóhùn yìí ló fi ń jẹun. Olówó èlé dé: ó wà l'Ábújá. Ìyàwó béèrè owó ọbẹ̀: Àbújá. Àwọn ọmọ tó gba owó fọ́ọ̀mù iṣẹ́ awakọ̀ lọ́wọ́ wọn wá béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀: Àbújá náà ni. Ibẹ̀ ni mi ò ti rẹ́rìn-ín mọ́. Olè ni.

Ẹ̀yìn odi wa níbí, ní Benin, àwọn ọlọ́kadà Kútọnu ti ń pààrọ̀ bátìrì ọ̀kadà oníná Spiro, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Tiwa ń pín kàlẹ́ńdà.

Mo ní kó mú ìwé náà wá. Ìwé CAC ló yọ. Mo ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ti lógò. Àmì ọjà, bíi lógò, ní ọ́fíìsì tirẹ̀ l'Ábújá, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò. Ìsọ̀rí 12 ni ti ọkọ̀, 35 ni ti ẹni tó ń tà á. Wọ́n á wò ó bóyá ó jọ tẹlòmíì, wọ́n á gbé e jáde nínú jọ́nà wọn, ẹni tó bá fẹ́ takò ó ní oṣù méjì. Bó bá yege, ó di tirẹ̀ fún ọdún 7. Téèyàn bá sọ ọ́ dọ̀tun, ọdún 14 sí i. Mo wá wo lógò náà dáadáa: T ti Tesla ni, wọ́n kàn dorí rẹ̀ kodò.

Ó mi orí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà ti ń sọ ọ́ pé ó wà l'Ábújá. Ẹ fi owó ọkọ̀ ràn mí lọ́wọ́, kí n lọ bá wọn."

Ọkọ̀ elépo ló fẹ́ wọ̀.